Abọ́ Ìtọ̀ Àárọ̀

Ọjọ́ kejì, oṣù Ẹrẹ́nà

Abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi nígbà mẹ́rin lónìí. Mẹ́rin! Èmi tí mo ti ń di abẹ́rẹ́ mú láti ọmọ ọdún méje. Ìbòjú ìyàwó ló wà lórí férémù, aṣọ ewé ọ̀pẹ òyìnbó tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ate Mameng, ẹ̀gbọ́n wa tó ni ṣọ́ọ̀bù, ti sọ fún gbogbo wa pé oṣù Òkúdu ni ìgbéyàwó, kò sí àfikún ọjọ́ kan. Iṣẹ́ ihò tó wà létí aṣọ náà, èmi nìkan ni wọ́n gbé e fún: kéèyàn fa òwú yọ níkọ̀ọ̀kan, kó so èyí tó kù títí tí wọ́n á fi di ihò wínníwínní. Ọwọ́ tó bá gbọ̀n á fa òwú tí kò yẹ ní fífà, àtúnṣe ò sì sí. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan, mo jókòó lé e, mo ṣe bí ẹni tó ń ronú.

Òógùn ń kán ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ara mi kó mi nírìíra.

Ọjọ́ kẹta

Nanay rí ọwọ́ mi nídìí oúnjẹ. Ìrẹsì ń dà sílẹ̀ lórí ṣíbí.

"Pasma," ni ìyá mi wí. "O fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ, ọwọ́ ẹ gbóná, o wá lọ kì í bọ omi tútù. Ṣé n ò sọ fún ẹ?"

"N ò lọ aṣọ kankan, Nanay."

"O lọ̀ ọ́. O ti gbàgbé ni."

Ponso ọkọ mi tẹjú mọ́ ẹja inú àwo rẹ̀. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ, gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Láyé ìgbà kan, kò sí ọwọ́ tó dà bíi ti Nanay ní ìlú Lumban yìí. Wọ́n ní àwọn obìnrin máa ń dúró lójú fèrèsé láti wo bó ṣe ń so ihò. Lẹ́yìn tó bí mi ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ní òun ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo bú sẹ́kún, ilédìí mi ti kún, òun sì sáré lọ fi omi tútù fọ̀ ọ́. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ń gbọ́ ọ pé ìgbẹ́ mi ló ba ọwọ́ ìyá mi jẹ́.

Ọjọ́ kẹrin

Nanay ti gbé abọ́ dúró dè mí lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì kí n tó la ojú tán.

"Ìtọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù loògùn pasma. Kò gbọdọ̀ tutù."

Mo tọ̀ sí abọ́, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Mo wà bẹ́ẹ̀ títí Nanay fi ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà kan tán pátá. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó ń rùn. Nanay jókòó tì mí, ọwọ́ tiẹ̀ wà nínú abọ́ tiẹ̀, bó ṣe ń ṣe é láràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo máa ń sá jáde nílé tó bá di àsìkò yẹn, kí n má baà rí i. Ní báyìí ìyá àti ọmọ jọ jókòó, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtọ̀ tiẹ̀.

Ó ní n ò gbọdọ̀ fi ọṣẹ kàn án títí di ọ̀sán, kí agbára rẹ̀ má baà lọ. Agbára wo?

Ọjọ́ kẹsàn-án

Ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo ń jẹ bí ẹni tí wọ́n háyà láti jẹun, abọ́ ìrẹsì mẹ́ta láàárọ̀, síbẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì ń yọ́ bọ́ nídìí mi. Tìlápíà ti wọ́n, ọgọ́jọ písò ni kílò kan, èmi nìkan sì lè jẹ kílò kan. Ponso ní mo ń rù. Mo ní kó lọ wo inú dígí kó tó sọ̀rọ̀ ẹni tó rù. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kíkorò báyìí ti ń jáde. N kì í ṣe ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Nǹkan oṣù mi ò wá lóṣù tó kọjá, kò sì tíì wá lóṣù yìí. Mo ṣe àṣìṣe, mo sọ fún Ponso. Ọdún mọ́kànlá la fi ń retí ọmọ. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti kúrò nídìí àgò ẹja rẹ̀ lórí adágún, ó ti ra máńgòrò tí kò tíì pọ́n àti edé oníyọ̀ wálé, oúnjẹ aláboyún, ó ń súfèé. Ó ra ohun àyẹ̀wò náà pẹ̀lú. Mo tún tọ̀ sínú ife. Ayé mi ti di kìkì ìtọ̀.

Ìlà kan ló yọ.

Ponso jẹ máńgòrò náà tán fúnra rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ì bá sàn ká ní ó bú mi.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìjà fáànù. Mo tàn án, Nanay pa á. Mo tún tàn án. Ooru ọ̀sán yìí lè se ẹyin, òun wọ súwẹ́tà, ó tún fi táwẹ́ẹ̀lì wé ọrùn. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ wú, ohùn rẹ̀ ń fà lọ́ọ̀lọ́ọ̀.

"O fẹ́ pa mí sínú atẹ́gùn," ló wí.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ sè mí jẹ, Nanay."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Síbẹ̀ ó pa fáànù náà.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Nanay ti rí ọrùn mi. Ó wú níwájú, ó ń lọ sókè sódò bí mo ṣe ń gbé itọ́ mì. Inú Nanay dùn, ó ti rí iṣẹ́ míì ṣe. Ó ní koríko òkun ni oògùn ọrùn wíwú, gbogbo ayé ló mọ̀. Ó lọ ra ìdì mẹ́ta lọ́jà, ogójì písò ìdì kan. Ó ń yọ̀ lẹ́nu bí ikun imú, ó ń dún pọ́pọ́ láàárín eyín. Ìdì kan láàárọ̀, ìdì kan lọ́sàn-án. Ìtọ̀ fún ọwọ́, ikun imú òkun fún ọ̀fun. Mo gbé e mì. Nítorí ìbòjú yẹn, mo lè gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Igbe

Kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, Ate Mameng ti tú ìbòjú kúrò lórí férémù. Ó tẹ́ ẹ sójú ìmọ́lẹ̀. Àbàwọ́n rúsúrúsú wà ní gbogbo ibi tí ọwọ́ mi máa ń sinmi lé. Ó gbé etí aṣọ náà sí imú. Ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Otilia, kí ni mo ń gbóòórùn yìí?"

Nelda tó ń jókòó tì mí ti sún àga rẹ̀ sẹ́yìn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo rò pé nítorí atẹ́gùn ni.

"Pasma ló ń ṣe mí, Ate," ni mo wí.

Ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sí obìnrin kan níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ó tijú fún mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, "Aṣọ ìyàwó ni, ọmọ mi. Orí ni wọ́n máa dà á bò." Ó ní òun á fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ wo bí àbàwọ́n náà á ṣe lọ. Ó gbé iṣẹ́ ihò náà fún Nelda. Ó ní kí n lọ sinmi.

Nelda! Ẹni tó ń so ihò bí ẹni ń so ewúrẹ́.

Ọjọ́ keje

Mo ń gbé ọwọ́ mi sí imú láti àárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá tiẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́wàá, mo ṣì ń gbóòórùn rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Ojú mi ti ń yọ síta. Ọkùnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta béèrè pé ta ló dẹ́rù bà mí. Àwọn ìyá tó wà nídìí ilé ìjọsìn ní ìbínú ló ń ti ojú mi jáde, pé kí n dárí ji ẹni tó ṣẹ̀ mí. Irun mi ń bọ́ sórí ìrọ̀rí. Ta ni mo fẹ́ dárí jì, irun?

Nanay ti sọ koríko òkun di ìdì mẹ́ta lóòjọ́.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ṣubú lọ́jà. Mo ń ná ìgbá lọ́wọ́, mo kàn rí i pé ilẹ̀ ń bọ̀. Ponso àti Nanay gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà náà kéré, obìnrin, Ilagan lorúkọ rẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wo aago. Ó ní ọkàn mi ń lù nígbà àádọ́jọ ní ìṣẹ́jú kan, èmi tí mo dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó ní kí n na ọwọ́ síwájú, ó tẹ́ bébà kan lé e, bébà náà ń gbọ̀n yẹ̀yẹ̀. Ó fi ìka kan ọrùn mi, ó ní kí n gbé itọ́ mì.

"Kí lẹ ti ń lò sí i?"

Nanay ni ó dáhùn, pẹ̀lú ìyangàn. "Koríko òkun. Ìdì mẹ́ta lóòjọ́."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Màmá, ẹ ti ń da epo síná."

Ó ṣàlàyé. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé. Ó ní ẹṣẹ́ kan wà níwájú ọ̀fun, ó na apá méjì bíi labalábá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú họ́móònù sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá gbé e kiri. Họ́móònù yẹn ló ń sọ fún ọkàn bó ṣe máa yára tó, fún ìfun bó ṣe máa tètè lé oúnjẹ jáde, fún awọ pé kó làágùn. Nǹkan oṣù náà ń gbọ́ tiẹ̀. Iyọ̀ ayódíìn tó wà nínú koríko òkun, òun gan-an ni ẹṣẹ́ náà fi ń ṣe họ́móònù. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀: bí họ́móònù bá kéré, á kígbe pé kó ṣe sí i, bó bá pọ̀, á panu mọ́. Ó ní ó jọ pé ọ̀gá tèmi ti panu mọ́ tipẹ́. Àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ara mi ló ṣìnà, àwọn ló ń fi kùmọ̀ ti ẹṣẹ́ ọrùn pé iṣẹ́, iṣẹ́, iṣẹ́.

Bí ìgbà tí Ate Mameng bá ti ṣọ́ọ̀bù lọ sílé, tí àwọn jàǹdùkú wọlé, tí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?" Nanay béèrè. "Pasma ni ti ọwọ́."

"Ẹṣẹ́ kan náà ni, Màmá. Ọwọ́, ojú, ìgbẹ́, gbogbo ẹ̀."

"Ó lọ aṣọ ni."

Dókítà wò ó. Ó wo súwẹ́tà, ó wo táwẹ́ẹ̀lì, ó wo ojú wíwú. Ó ní, "Màmá, òtútù ń mú yín? Nínú ooru yìí?" Ó béèrè nípa ìgbẹ́ rẹ̀, ó béèrè nípa oorun rẹ̀, ó béèrè bóyá ọwọ́ tiẹ̀ náà gbọ̀n rí. Nanay ní kò kan dókítà. Ó gbà kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí pé Ponso bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Èsì tèmi dé. Họ́móònù tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tó yẹ lọ. Wọ́n fún mi ní wóró méjì: ọ̀kan láti dí ẹṣẹ́ náà lọ́wọ́, ọ̀kan láti mú ọkàn àti ọwọ́ rọlẹ̀. Bí ọ̀fun bá dùn mí tí ibà mú mi, kí n sáré padà wá. Mo da koríko òkun tó kù fún ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ààbọ̀ ni mo fi ń fọwọ́ ara mi pa ara mi, tí mo tún ń fi ọtí kíkan sí koríko náà kó lè dùn lẹ́nu.

Èsì ti Nanay kò tíì dé.

Ọjọ́ kejì, oṣù Ẹ̀bìbì

Mo gbé ife omi pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ọwọ́ kan! Ponso pe aládùúgbò wá wò ó bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ rìn.

Nanay ní abọ́ ló ń ṣiṣẹ́.

"Nanay, láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú, n ò tọ̀ sábọ́ kankan."

"Èyí tó o ti tọ̀ tẹ́lẹ̀ ni."

Mo bínú, mo gbé abọ́ tèmi, mo jù ú sórí ààtàn. Ó lọ mú un wá, ó fọ̀ ọ́, ó fi pamọ́.

Ọjọ́ kẹjọ

Èsì ti Nanay. A jọ lọ.

Dókítà Ilagan fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní ẹṣẹ́ ọrùn rẹ̀ ti kú, eérú ló kù. Ó ní bóyá àìsàn tó ń ṣe mí yìí gan-an ló ṣe é nígbà èwe, pé ó máa ń wà nínú ìdílé, ó sì máa ń dìde lẹ́yìn ọmọ bíbí. Bí kò bá pa èèyàn, ó lè jó ẹṣẹ́ náà títí yóò fi jó tán. Nígbà náà ni òtútù á dé, ojú á wú, ohùn á fà. Ó ní wóró kan lóòjọ́ á gbé e dìde.

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe omi," Nanay wí.

"Omi ò lè ṣe é, Màmá."

"Mo fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí mo lọ aṣọ tán."

"Bí ẹ ò bá tiẹ̀ fọ̀ ọ́, ọwọ́ yín ì bá ṣì gbọ̀n."

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Nanay, ilédìí mi ńkọ́?" Mo sọ ọ́ níwájú dókítà. Mo ní láti kékeré lẹ ti ń sọ ọ́ fún mi, lójú àlejò, lójú ọkọ mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó, pé ìgbẹ́ mi ló gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ní ìdí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ yìí nìyẹn, kí n lè san án. Ohùn mi ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe ti ẹṣẹ́.

Nanay ká bébà èsì náà sí mẹ́rin, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú súwẹ́tà.

Ọjọ́ kejìlá

Wóró oògùn Nanay wà lórí tábìlì láti ọjọ́ yẹn, kò ṣí i. Kò gbé abọ́ náà mọ́. Ó kàn jókòó láàárọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí itan, kò mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe. Inú mi kò dùn sí i bí mo ṣe rò. Mo ṣì ń bínú.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Ate Mameng fúnra rẹ̀ ló wá sílé. Ó ní àbàwọ́n ti lọ tán. Nelda ti fa òwú mẹ́ta já. Igun kan ló kù, igun tó máa wà níwájú orí ìyàwó.

Kó tó sọ ohun tó bá wá, ó ní kí n na ọwọ́. Mo nà án. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó tẹ̀ síwájú, ó gbé e sí imú. Mo jẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo rẹ́rìn-ín.

"Ọṣẹ," ló wí.

"Ọṣẹ ni, Ate."

"Wá lọ́la."

Nanay gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Nígbà tí mo wọlé, mo rí i pé ó ti ya ìdì wóró oògùn, ọ̀kan ti kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Òkúdu

Mo so ihò tó kẹ́yìn ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Kò dára tó ti ọdún tó kọjá. Èmi mọ̀, Ate Mameng mọ̀, ìyàwó ò ní mọ̀. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ bí mo ṣe ń bọ̀ wálé, mo rìn nínú rẹ̀. Dókítà ní ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo máa fi lo wóró yìí, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ó sì lè padà wá. Nǹkan oṣù mi dé ní àná. Ponso kò tíì ra máńgòrò, ó ti gbọ́n.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Mo dé láti ọjà, mo gbóòórùn áyọ́ọ̀nù. Nanay dúró nídìí tábìlì, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì Ponso. N ò rí i kó lọ aṣọ rí láyé mi. Ó lọ̀ ọ́ tán, ọrùn, apá, ẹ̀yìn, ó sì tún lọ èkejì, títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Ó yọ wáyà. Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé síbi báàfù tí òjò kún, ó ká ọwọ́ súwẹ́tà dé ìgúnpá, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú omi náà.

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó ń wò wọ́n nísàlẹ̀ omi, bí ẹni tó ń dúró de nǹkan tó máa jáde wá bu òun jẹ. Aládùúgbò yọjú lórí ọgbà, ó pe ìyá mi lórúkọ, "Aling Saling, pasma o!" Nanay kò wojú rẹ̀.

Mo lọ dúró tì í.

"Mo tọ̀ sábọ́ fún ọdún méjìdínlógójì," ló wí. "Ìtọ̀, Otilia. Láràárọ̀. Mo sì ń tọ̀ sórí ìwọ náà." Ó tutọ́ sílẹ̀.

Mo ká ọwọ́ aṣọ mi, mo ki ọwọ́ tèmi náà bọ̀ ọ́. Omi náà tutù gan-an.